Ìdíhò adènà-ariwo àti ìpínsísọ̀rí rẹ̀ fún owó ibodè

Ìdíhò adènà-ariwo ni ohun tí a fi ń dí àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé àti férémù rẹ̀, kí ìró má baà gba ibẹ̀ kọjá. A ń lò ó ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, ilé-ìwòsàn, hòtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti lára àpótí tí a fi ń bo ẹ̀rọ amúnáwá. Rọ́bà, ike, irun tí a tẹ̀ mọ́ra di aṣọ, tàbí irin àti rọ́bà pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn káfíńtà àti mẹkáníìkì sábà máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní “rọ́bà ilẹ̀kùn”, yálà rọ́bà ni tàbí kì í ṣe rọ́bà. Lójú aṣọ́bodè, ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ohun tí a fi ṣe ìdíhò àti bí iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe parí tó ló ń pinnu owó ibodè tí a ó san lórí rẹ̀, kì í ṣe iye ariwo tó lè dá dúró.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Inú afẹ́fẹ́ ni ìró ń gbà rìn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti lè wọlé, ìró náà yóò wọlé. Nítorí èyí, ilẹ̀kùn tó nípọn kò wúlò tó bó ṣe yẹ bí àlàfo bá wà létí rẹ̀. Ká ní ilẹ̀kùn kan lè dín ìró kù ní 40 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, tí àlàfo tó ṣí sílẹ̀ sì jẹ́ ìpín 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ojú rẹ̀, ìdínkù náà yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì.

Bí a bá ti ilẹ̀kùn, ìdíhò á fún, á sì kún àlàfo náà. Fún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, irú kan wà tó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú àpótí alùmíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ni rọ́bà àti sípíríǹgì rẹ̀ wà. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, bọ́tìnnì kan á kan férémù, á sì ti rọ́bà náà wálẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀.

Ètò ìpínsísọ̀rí ọjà

Orílẹ̀-èdè àti agbègbè ọrọ̀-ajé tó ju 200 lọ ló ń lo Ètò Ìṣọ̀kan fún Ìpínsísọ̀rí Ọjà, tí a mọ̀ sí HS. Àjọ Aṣọ́bodè Àgbáyé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Brussels ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ló ń bójú tó o. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1983, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1988. Òǹkà mẹ́fà ni a fi ń dá ọjà kọ̀ọ̀kan mọ̀: méjì àkọ́kọ́ dúró fún orí, mẹ́rin àkọ́kọ́ fún àkọlé, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún àkọlé kékeré. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi òǹkà tirẹ̀ kún un. Òǹkà mẹ́wàá ni àjọ ECOWAS ń lò, èyí tó kan Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Òfin mẹ́fà ló ń darí ìpínsísọ̀rí. Gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní, ọ̀rọ̀ inú àkọlé àti àkíyèsí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpín àti orí ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Kò sí àkọlé kankan tó kó gbogbo ìdíhò adènà-ariwo jọ. Lóòótọ́, àkọlé 6806 dárúkọ ohun tó ń dènà ìró, ṣùgbọ́n èyí tí a fi ohun àlùmọ́ọ́nì ṣe, bí òwú òkúta, ló ń sọ. Rọ́bà kò lè tìtorí pé ó ń dènà ariwo wọ abẹ́ àkọlé náà.

Àwọn àkọlé tó sábà máa ń kàn án

• 4008: awẹ́, ọ̀já àti ọ̀pá rọ́bà tí a ti fi imí-ọjọ́ àti ooru sọ di alágbára, tí iṣẹ́ kò tíì parí lára wọn.
• 4016.10: ohun èlò tó parí, tí a fi rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ bíi fóòmù ṣe.
• 4016.93: gásíkẹ́ẹ̀tì, wáṣà àti ìdíhò mìíràn tí a fi rọ́bà tí kò ní ihò wẹ́wẹ́ ṣe.
• 3916: ọ̀pá àti ọ̀já ike tí a fà jáde ní ìrísí kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 3916.20 ni ti ike PVC.
• 3926: ohun èlò ike tí kò sí lábẹ́ àkọlé mìíràn.
• 8302: ohun èlò onírin tí a ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àga.
• 8484: gásíkẹ́ẹ̀tì tí a fi awẹ́ irin àti ohun mìíràn ṣe pọ̀, tàbí tí ó ní ìpele irin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rọ́bà tàbí ike

Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ rọ́bà àti ike rírọ̀ hàn. Àkíyèsí kẹrin ní orí 40 ṣàlàyé ìdánwò tí a fi ń mọ rọ́bà àtọwọ́dá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí imí-ọjọ́ lè yí padà pátápátá di ohun tí ooru kò lè yọ́ mọ́. Láàárín ìwọ̀n ooru 18 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò gbọdọ̀ já bí a bá fà á di ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀. Bí a bá sì fà á di ìlọ́po méjì, ó gbọ́dọ̀ sún kì padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí gígùn rẹ̀ má ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti àkọ́kọ́ lọ. Rọ́bà EPDM, tó wọ́pọ̀ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, yege ìdánwò yìí. Ike TPE lè nà bíi rọ́bà, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú un, ó máa ń yọ́; orí 39 ni ó ń lọ.

Ọ̀já lásán tàbí ohun èlò tó parí

Àkíyèsí kẹsàn-án ní orí 40 pààlà sáàárín 4008 àti 4016. Ọ̀já rọ́bà tí a fà jáde, tí a kàn gé sí gígùn tí a fẹ́, ṣì wà ní 4008. Bí a bá lu ihò sí i lára, tàbí tí a so igun rẹ̀ pọ̀ di férémù tó bá ilẹ̀kùn kan mu, iṣẹ́ ti kọjá gígé lásán, ó sì di ti 4016.

Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì máa ń da àwọn oníṣòwò láàmú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé rọ́bà ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹ kó wà lábẹ́ 8708, níbi tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà. Àkíyèsí kejì ní ìpín 17 yọ ìdíhò àti ohun èlò rọ́bà tó parí kúrò nínú ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ohun tí a fi ṣe wọ́n ni a ó wò.

Ìdíhò alápapọ̀

Ìdíhò tó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ní alùmíníọ̀mù, sípíríǹgì àti rọ́bà. Bí àkọlé méjì bá ń fà á mọ́wọ́, òfin kẹta ló ń dá sí i: èyí tó júwe ọjà náà pàtó jù ni a ó kọ́kọ́ mú, bí kò bá sí, a ó wo ẹ̀yà tó fún ọjà náà ní ìwà rẹ̀ gan-an, bí èyí náà kò bá yanjú rẹ̀, àkọlé tó gbẹ̀yìn nínú òǹkà ni a ó mú. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá ẹ̀rọ irin tó ń gbé rọ́bà sọ̀ kalẹ̀ ló sọ ọjà náà di ohun tó jẹ́, tàbí rọ́bà tó ń dí àlàfo.

Owó ibodè

Ní Amẹ́ríkà, owó ibodè ìpìlẹ̀ lórí ìdíhò 4016.93 jẹ́ ìpín 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọ̀já PVC ní 3916.20 jẹ́ 5.8. Lórí ọjà tí iye rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là, 250 dọ́là ni ti àkọ́kọ́, 580 dọ́là ni ti èkejì, láìka owó àfikún tí ìjọba lè gbé lé e. Ìpele márùn-ún ni owó ibodè àjọlò ECOWAS, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, pín sí: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ohun tí a ó tún lò láti ṣe nǹkan mìíràn sábà máa ń wà ní ìpele ìsàlẹ̀, ọjà tó ti parí sì sábà máa ń wà lókè.

Àṣìṣe àti ìpinnu ṣáájú

Bí kóòdù bá mú kí owó tí a san kéré ju bó ṣe yẹ, aṣọ́bodè lè padà gba ìyókù pẹ̀lú owó ìtanràn, kódà lẹ́yìn tí ọjà ti kúrò ní èbúté. Bí ó bá pọ̀ jù, oníṣòwò ló pàdánù. Àdéhùn ìmúrọrùn ìṣòwò ti Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2017, ní kí aṣọ́bodè máa fún ẹni tó bá béèrè ní ìpinnu lórí kóòdù ṣáájú kí ọjà tó dé. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọdún mẹ́ta ni irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ fi ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àpẹẹrẹ ọjà náà, àwòrán rẹ̀ àti ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan tí a fi ṣe é wúlò fún ìbéèrè yìí ju ìwé tó ń polongo agbára rẹ̀ láti dènà ariwo lọ.

Wọ́n máa ń tún HS ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Àtúnṣe ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Èyí tó tẹ̀ lé e yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2028.