Òṣùwọ̀n Tí Kò Mọ Ẹ, Ọ àti Ṣ

Ọ̀rọ̀ ṣókí tí à ń fi sórí ayélujára lónìí, àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ló bí i. Ní 1985, Friedhelm Hillebrand, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílùú Bonn, ó ń tẹ gbólóhùn lóríṣiríṣi, ó sì ń ka iye lẹ́tà inú wọn. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò tó 160, bẹ́ẹ̀ ni 160 ṣe di ìwọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́. Nígbà tí Jack Dorsey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Twitter sílẹ̀ ní 2006, orí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé e kà: wọ́n yọ 20 sọ́tọ̀ fún orúkọ ẹni tó kọ ọ́, 140 ló ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé wá ń tẹ̀lé ohun tí ilé-iṣẹ́ bá gbé kalẹ̀. Twitter ń bi èèyàn pé kí lò ń ṣe, ẹni tó ń jẹun sì ń dáhùn pé òun ń jẹun. Facebook ní tiẹ̀ ń fi orúkọ èèyàn àti “is” ti Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú gbólóhùn, débi pé oníkálukú ń ròyìn ara rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn aládùúgbò, títí wọ́n fi yọ “is” yẹn kúrò ní 2007. Ní 2009 ni Twitter yí ìbéèrè tirẹ̀ sí kí ló ń ṣẹlẹ̀, nítorí ìròyìn ìlú ti ń borí ìròyìn ara ẹni.

Òṣùwọ̀n yìí kò ṣe déédéé fún gbogbo èdè, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n ṣà jọ fún àtẹ̀jíṣẹ́, à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Fóònù tó bá tiẹ̀ lè tẹ ẹyọ ẹ kan ṣoṣo, ńṣe ló máa ń kó odindi ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ìlànà mìíràn tí ààyè rẹ̀ kò ju 70 lọ. Ohun tí ì bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan á di méjì tàbí mẹ́ta, owó á sì di ìlọ́po. Àkọtọ́ tí àpérò 1875 ní Èkó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ wá di ohun tí èèyàn ń sanwó lé lórí. Ẹ wo ọkọ́ tí a fi ń roko. Ẹ bọ́ àmì ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tó yà á sọ́tọ̀ mọ́ kúrò lára ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ èrò, ọ̀kọ̀ ológun, àti oko fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní Yorùbá ti ń fi ìwọ̀nba ránṣẹ́ kí fóònù tó dé, pé àrokò ńkọ́? Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ ti sọ ọ́ tán: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ tó bá padà wá, ẹ̀jọ ni, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ṣùgbọ́n ohùn ni irú àrokò yìí gbé ẹ̀mí lé. Bí ẹ̀fà kò bá dún mọ́ fà, owó lásán ló wà lórí okùn. Ìsọkúkúrú tiwa kò ju ohùn nù rí, ohùn gan-an ló sì di ẹrù tí àtẹ̀jíṣẹ́ ní ká sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n tún lè ní ọ̀lẹ lásán ni, pé WhatsApp kò díwọ̀n mọ́ èèyàn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ a kò fi àmì sí i. N kò jiyàn pé àṣà ni báyìí. Àmọ́ láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001 ni ọwọ́ ti mọ́ ọn, lórí fóònù tí kò ní bọ́tìnì ẹ, tí owó sì ń lọ lórí ọ̀rọ̀ gígùn. Àṣà kì í sì í kú lọ́jọ́ tí ìdí rẹ̀ bá tán. Ìdí rẹ̀ kò tiẹ̀ tí ì tán. Ní 2017, Twitter sọ 140 di 280, ó sì ní lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà, Japan àti Kòríà á máa jẹ́ méjì-méjì, nítorí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ wà nínú ẹyọ kan tiwọn. Ẹ, ọ àti ṣ bá wọn kó sínú òfin yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ kan kò ju ìró kan lọ. Ọ méjì jẹ́ mẹ́rin, k jẹ́ ọ̀kan, àmì ohùn jẹ́ ọ̀kan: ọkọ́ gba ààyè mẹ́fà. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe irinṣẹ́ kan náà, mẹ́ta péré ló gbà.