"Mo Mọ̀" Yàtọ̀ sí "Mo Gbà Gbọ́"

Ní ọdún 1982, nígbà tí Olóyè Ọlábísí Ọnàbánjọ jẹ́ gómìnà, ni Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Orúkọ gómìnà náà ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ń jẹ́ láti ọdún 2001. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Olúbí Ṣódípọ̀, ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Yunifásítì Ifẹ̀ ni Ṣódípọ̀ ti kọ́ni tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, òun àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì. Wọ́n bi wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo wa ń sọ: "mo mọ̀" àti "mo gbà gbọ́". Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1986.

Àwọn àgbà náà ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí a sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò. Àwọn baba wa kúkú ti sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìtàn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ìgbàgbọ́ ni, nítorí kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó rí bí wọ́n ṣe tẹ àwọn ìlú àtijọ́ dó. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbọ́dọ̀ sọ ẹnu ẹni tó ti gbọ́ ọ. Bí bàbá kan bá sọ ìtàn fún un, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ta ló sọ ọ́ fún yín?" Èyí kì í ṣe àfojúdi. Lẹ́yìn náà, kó lọ sí àdúgbò kejì, kó gbọ́ tiwọn. Kó tún wo ìwé àtijọ́, kó má sì gbàgbé pé ẹnu ẹnìkan ni ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Orí ìtàn ni ẹjọ́ oyè àti ẹjọ́ ilẹ̀ ń dúró lé nílẹ̀ Yorùbá. Ìlà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ dà kọ láìwádìí lè di ohun tí ẹbí méjì yóò máa jà sí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó béèrè "báwo lẹ ṣe mọ̀?" gba máàkì, kó má gba ìbáwí. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi àyè gbà á nílé. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí a tó sọ pé "mo mọ̀", ẹ jẹ́ ká bi ara wa bóyá a rí i ni, tàbí a kàn gbọ́ ọ.