Ogbó Kọ́ Ni Ikú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín ohùn láti ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó sí ilé àwọn tí ó san owó rẹ̀. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń gbé sínú ilé. Ohun tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá ni onílé yóò gbọ́, kò sì ní ọ̀nà láti dáhùn. Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu rẹ́gí. Nígbà tí ó yá, rédíò tí ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́ gba ipò rẹ̀, a sì pa iṣẹ́ wáyà náà tì. Láti ìgbà náà ni àpótí ọ̀hún ti yadi. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó dí. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí: ogbó kọ́ ni ó ń pa ẹ̀rọ, bí kò ṣe àìsí ọ̀nà àti àìsí ọwọ́ tí yóò tún un ṣe.

Ní 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta rédíò oní-tíransísítọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí irú rẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, bátìrì ni ó ń lò, ó sì bá àgbẹ̀ dé oko. Fóònù alágbèéká tí ó gbilẹ̀ láti 2001 mọ iṣẹ́ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, fóònù á kú, rédíò oníbátìrì á sì máa ròyìn lọ.

Ti amóhùnmáwòrán tún ṣe kedere. Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2021, Èkó ṣí ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ oní-díjítà, èyí tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí iké kò lè dá gbà. Dikódà ni ògbufọ̀ rẹ̀: okùn aláwọ̀ ìyeyè á gbé àwòrán, pupa àti funfun á gbé ohùn.

Irú àjọṣe yìí kò ṣàjèjì ní Fọlá Àgòrò, láàárín Ṣómólú àti Bàrígà. Àwọn òǹtẹ̀wé àdúgbò náà ń fi kọ̀ǹpútà to ojú-ìwé, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ Heidelberg tí àwọn mìíràn ti lò gbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọmọ-iṣẹ́ tí ń kọ́ àtúnṣe bá wá mọ fóònù nìkan, ta ni yóò jo òjé sí ojú wáyà tí ó já nínú rédíò bàbá rẹ̀?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ògbólógbòó ni ó yẹ ní títọ́jú. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ròyìn pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ṣe é tún ṣe. Òjé wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ nítorí bàbà inú rẹ̀ ń ta májèlé sílẹ̀ fún ọmọ ara rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọjọ́ tí a bá ti ọ̀nà àtijọ́ pa pátápátá, kí dikódà ti wà ní ìkáwọ́ mẹ̀kúnnù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó ṣe àpótí 1935 yóò ṣe tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, òun náà yóò sì di ẹni tí ìròyìn ìlú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.