Garawa Tí Ó Di Fèrè

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó ti rédíò, bí ẹ bá rìn la Bódìjà kọjá ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kí ẹ pàdé àwọn afọnfèrè idẹ tí wọ́n ń sin òkú àgbà lọ, tàbí tí wọ́n ń mú ìyàwó wọ ilé ìjọsìn. Òkèèrè ni fèrè náà ti wá, owó gọbọi ni wọ́n sì fi rà á. Bí ó bá kọ̀ láàárín òde, owó ọjọ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ni ó máa ṣe?

Irú ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo kàkàkí tí wọ́n ń fọn fún àwọn ọba Hausa, tí ó sì dé ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́. Ó gùn ju ènìyàn lọ fíìfíì. Idẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí kẹrosíìnì inú garawa tàn kálẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé páànù garawa, wọ́n ká a, wọ́n fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì di ohun tí a ń fọn níwájú ọba! Kàkàkí kò ní ihò ìka, kò sì ní bọ́tìnnì. Ètè ni wọ́n fi ń yí ohùn rẹ̀ padà.

Bọ́tìnnì ti ara fèrè òyìnbó, Heinrich Stölzel àti Friedrich Blühmel ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1818. Òun gan-an ló ń yọ afọnfèrè lẹ́nu jù. Ọ̀pá kékeré ni, ó ń lọ sókè sódò nínú ihò tóóró, ìtọ́ àti eruku sì ń mú un lẹ̀. Òróró tí wọ́n ń tà fún un ní ṣọ́ọ̀bù, ìbátan kẹrosíìnì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò rí i rà fi ń kán kẹrosíìnì sí i, tàbí òróró maṣíìnì ìránṣọ. Bí kò bá sí rárá, á tutọ́ sí i, eré á sì máa lọ. (Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fi kẹrosíìnì kan ẹnu o.) Àwọn tí ń fọn trombone ní tiwọn a máa fi ìpara ojú obìnrin pa ọ̀pá rẹ̀, wọn a sì wọ́n omi sí i kó lè yọ̀. Bí ẹnu fèrè bá ń mì, ìwé pélébé tí a wé mọ́ ìdí rẹ̀ a máa mú un dúró.

Kí ẹ má rò pé òṣì ló bí gbogbo rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, King Oliver a máa fi ife, ìgò àti korobá bo ẹnu fèrè rẹ̀ kí ohùn lè yàtọ̀. Àwọn afọnfèrè Duke Ellington lo rọ́bà onígi tí wọ́n fi ń ṣí ihò omi tó dí, fèrè sì ń sunkún bí ọmọ. Ní 1953, ẹnì kan ṣubú lu fèrè Dizzy Gillespie, ó tẹ̀ sókè. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ ọn, ó sì ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún òun.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń kọ́ ilé sí Bódìjà, orin háíláìfù gba ìlú Ìbàdàn kan. Eddy Okonta ń fọn fèrè ní Paradise. Victor Olaiya ní tirẹ̀ kì í fi áńkáṣíìfù funfun sílẹ̀, bíi ti Louis Armstrong tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1960. Àwọn kan rò pé afẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí òógùn bá dé ètè, ẹnu fèrè a máa yọ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Àwọn tí kò rí fèrè kankan ńkọ́? Ní Gold Coast, tí ó di Gánà ní 1957, àwọn ọ̀dọ́ kan ní àwọn ọdún 1930 kò lówó tí wọn ó fi ra fèrè idẹ. Wọ́n gba ìlù lọ́wọ́ káfíńtà, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n ń yan bí sójà, ohùn ẹnu wọn sì dípò fèrè. Konkoma ni wọ́n pè é. Kò pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá.