Ètò Kan Kì í Dá Dúró: Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Ṣe Ń Gba Àtúnṣe

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Òkè Bọ́lá ní Ìbàdàn, àti ní ọ̀pọ̀ ilé tó yí wọn ká, ìbéèrè kan wà tí gbogbo oníkọ̀ǹpútà máa ń bá pàdé. Ìkọ̀wé kékeré kan a yọ lójú ẹ̀rọ pé àtúnṣe tuntun ti dé: ṣé kí ó wọlé ni, àbí kí ó dúró? Ẹlòmíràn a ní kí ó dúró, yóò sì di ọdún mẹ́ta tí ó ti ń dúró. Ẹlòmíràn a gbà á wọlé lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a kọ̀ jálẹ̀, bí ẹni pé kò mọ kọ̀ǹpútà náà rí. Ohun kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì jà. Àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí sọ́fítíwíà, kì í dá dúró. Ọ̀kan gbára lé èkejì, èkejì gbára lé ẹ̀kẹta.

Nígbà kan rí, ìṣòro yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ. Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló sábà máa ń pèsè ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, owó méjèèjì a sì wà pọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969 ni IBM kéde pé òun yóò máa ta ọ̀pọ̀ ètò lọ́tọ̀. Ìkéde yẹn wà lára ohun tó sọ ètò kọ̀ǹpútà di ọjà tó ń dá tà. Ẹnìkan ṣe ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ṣe ètò, ẹnìkẹta ṣe irinṣẹ́ tí ètò náà ń lò. Ta ni yóò wá rí i pé gbogbo wọn gbọ́ ara wọn yé?

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ inú ilé, pàápàá lẹ́yìn tí IBM gbé PC jáde ní 1981, àyè tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí kéré, ó sì wọ́n. Àwọn aṣètò rí i pé kò bọ́gbọ́n mu kí ètò mẹ́wàá gbé ẹ̀dà mẹ́wàá irinṣẹ́ kan náà. Wọ́n fi irinṣẹ́ náà sí ojú kan kí gbogbo ètò máa pín in lò, bí àwọn ará agbo ilé ṣe ń pín odó kan lò. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu nínú. Lórí Windows, ètò kan lè wọlé kí ó fi odó àtijọ́ tirẹ̀ rọ́pò èyí tó bá níbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ a lọ déédéé. Ti àwọn ará ilé yòókù a dúró. DLL ni orúkọ fáìlì àjùmọ̀lò wọ̀nyí, ìyà wọn sì pọ̀ débi pé àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní ọ̀run àpáàdì DLL. Microsoft fi ẹ̀ṣọ́ ti àwọn fáìlì pàtàkì nínú Windows 2000. Nígbà tí Windows XP dé ní 2001, ó fàyè gba ẹ̀dà méjì irinṣẹ́ kan náà láti máa gbé pọ̀ láìjà.

Àwọn tó ń lo Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1993 ni Ian Murdock dá Debian sílẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n ń di ètò kọ̀ọ̀kan bí ẹrù. Ìwé pélébé wà lára ẹrù náà tó ń sọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, àti àwọn ẹrù mìíràn tí kò lè ṣe aláìní. Ṣùgbọ́n bí ẹrù kan bá nílò mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́ta náà tún nílò méjì-méjì, ẹni tó fẹ́ ètò kan ṣoṣo a di ẹni tó ń wá ẹrù mẹ́wàá kiri. Ní 1999 ni Debian 2.1 mú APT wá. APT ń ka gbogbo ìwé náà fúnra rẹ̀, ó ń kó gbogbo ẹrù tó yẹ, ó sì ń tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀léra. Bí méjì bá takora, yóò sọ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Orí ìpìlẹ̀ Debian yìí ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu lé ní 2004. Títí di 2011 ni wọ́n ń fi síídì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè. Síídì náà ran ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àtúnṣe tó ń tẹ̀lé e wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Unicode, àdéhùn àgbáyé lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ lẹ́tà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mú "ẹ", kí ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ lè tẹ àmì náà, fọ́ọ̀ǹtì gbọ́dọ̀ ní in, ètò tó ń to lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lé. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá bá ìgbà mu, àmì a yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ olóògbé ṣe lè bàjẹ́ lórí ìwé ìkéde, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Ní Ìbàdàn kan náà ni Alt-I, àjọ tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù àti ìmọ̀ ẹ̀rọ fún èdè Yorùbá. Microsoft náà gbé àkópọ̀ kan jáde tó ń sọ ojú Windows Vista di Yorùbá. Àmọ́ àkópọ̀ náà kò dá dúró: orí Windows elédè Gẹ̀ẹ́sì ló ń jókòó lé. Nígbà tí Windows 7 dé, òmíràn ni wọ́n ní láti ṣe. Nígbàkigbà tí ìpìlẹ̀ bá yí padà, ó di dandan kí ẹnìkan wà tí yóò tún ilé èdè náà tò.

Ìtàn fi hàn pé ewu wà ní ìhà méjèèjì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde láti dí ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, WannaCry gba ihò náà wọ kọ̀ǹpútà àwọn tí kò tíì dí i, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Ó dé ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, àtúnṣe alábàwọ́n kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike fúnra rẹ̀ ló dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dúró, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe kà á. Kódà ètò tí kò ju ìlà 11 lọ lè dá wàhálà sílẹ̀: ní oṣù Kẹta 2016, nígbà tí ẹni tó kọ left-pad yọ ọ́ kúrò lórí npm, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ aṣètò káàkiri àgbáyé dúró.

Lónìí, ẹ̀rọ pàápàá ti wọ inú àwọn ohun ìgbáralé. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni àtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè. Dátà náà kò sì pọ́n. Nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta 2024, àwọn ará Nàìjíríà rí i pé okùn náà wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà ilé gbára lé.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò le. Kí oníkọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ síbòmíràn. Kí ó má ṣe gba àtúnṣe ńlá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kánjúkánjú wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má fi ti ààbò falẹ̀. Kí ó ka ohun tí ètò ní òun yóò yọ kúrò kí ó tó gbà. Kí ó yẹra fún Windows ayédèrú tí wọ́n ti pa ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ gbólóhùn Yorùbá kan tó lámì ohùn, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí "ẹ́" àti "ọ̀" bá dúró ṣinṣin lórí bébà, kí iṣẹ́ oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀.