Ta Ló Sanwó Ọkọ̀? Bí Òwò Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Wọ Odò Ọya

Lóde òní, bí ìjọba bá kó oníṣòwò lẹ́yìn lọ wá ọjà lókè òkun, fọ́tò la máa ń rí: kóòtù, ìbọwọ́, àsíá méjì. Ẹ jẹ́ ká padà sígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tiwa ni wọ́n ń wá ọjà wá.

Ní 1832, Macgregor Laird, tí ìdílé rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi, bá àwọn oníṣòwò Liverpool kó ọkọ̀ wọ Odò Ọya. Owó ara wọn ni wọ́n ná. Nínú òyìnbó 48, mẹ́sàn-án péré ló yè é. Ibà ló pa ọ̀pọ̀ wọn.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sanwó ọkọ̀ mẹ́ta. Wọ́n bá ọba Aboh àti Àtá Ìgalà ṣe àdéhùn òwò. Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà níbẹ̀. Ibà tún pa èèyàn tó lé ní 40. Oníṣòwò tó bá pàdánù tó báyìí á ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àmọ́ àpò ìjọba jìn.

Ní 1854, ìjọba gbé iṣẹ́ fún Laird, ó sì pèsè ọkọ̀ Pleiad. Dókítà Baikie ní kí wọ́n máa lo kíníìnì kí ibà tó dé. Kò sí òyìnbó kan tó kú. Láti 1857, ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ ti Laird lẹ́yìn. Ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà lọ́dún yẹn, síbẹ̀ ilé òwò dúró ní Aboh àti Onitsha.

Ṣùgbọ́n ọjà náà kò ṣófo kí wọ́n tó dé. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará etí òkun ti ń ra epo pupa lókè odò, tí wọ́n ń tà á fún òyìnbó. Alágbàtà ni wọ́n, ọkọ̀ tuntun yìí sì fẹ́ fò wọ́n dá. Wọ́n kọlu ilé òwò náà. Ìjọba rán ọkọ̀ ogun wá.

Ní 1886, ìjọba fún ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company láṣẹ láti ṣèjọba lórí odò náà. Àwọn ará Nembe wá di àlejò tó gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́jà tí bàbá wọn ti ń ná. Ní oṣù kìíní 1895, wọ́n kọlu ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sun Nembe.

Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí ní 1900, ó san 865,000 pọ́n-ùn fún un.

Kì í ṣe pé kí ìjọba má ti oníṣòwò lẹ́yìn. Láìsí owó ìlú, bóyá òwò yẹn ì bá ti kú lẹ́yìn 1832. Àmọ́ bí ẹ bá tún rí fọ́tò ìbọwọ́ yẹn lórí fóònù yín, ẹ bi ìbéèrè méjì: ta ni yóò san án bí òwò bá fọ́? Ta ló ti pàtẹ sọ́jà náà tẹ́lẹ̀? Ó dìgbà kan ná.