Àṣá Tí Ìjọba Pa, Àṣá Tí Ìjọba Gbà Síṣẹ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ló ń gba àṣá síṣẹ́? Olè ọmọ adìyẹ la mọ̀ ọ́n sí. Bí òjìji rẹ̀ bá ti kọjá lórí àgbàlá, ìyá adìyẹ á figbe ta, àwọn ọmọdé á hó lé e, òkò á sì máa fò. Abájọ tí ẹnu fi ya púpọ̀ nínú wa nígbà tá a gbọ́ pé owó ìlú ni wọ́n fi gba àṣá síṣẹ́ ní London, kó lè máa lé ẹyẹlé kúrò ní gbàgede Trafalgar Square. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa kọ àròkọ yìí ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí 60 ọdún ṣáájú, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa àṣá nítorí ẹyẹlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù máa ń gbé ẹyẹlé dání. Bí ọkọ̀ bá já sínú òkun, ẹyẹlé ni wọ́n á tú sílẹ̀ pé kó fò relé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ogun mẹ́rin kan ní oṣù Kejì ọdún 1942 nìyẹn, nígbà tí ọkọ̀ wọn já sínú Òkun Àríwá. Ẹyẹlé wọn, Winkie, fò bíi 120 máìlì dé ilé ẹni tó ni ín lẹ́bàá Dundee ní Scotland, tòun ti epo ọkọ̀ lára. Kò gbé ìwé kankan dání. Àwọn ọmọ ogun tó wà nílé wo àkókò tí ọkọ̀ já àti àkókò tí ẹyẹ dé, wọ́n ro ti atẹ́gùn àti epo tó mú ìyẹ́ rẹ̀ wúwo mọ́ ọn, wọ́n ṣírò ibi tí ọkọ̀ náà máa wà, wọ́n sì lọ kó àwọn èèyàn wọn láàyè. Ní 1943 wọ́n fún Winkie ní àmì ẹ̀yẹ Dickin, òun àti ẹyẹlé méjì mìíràn ló sì kọ́kọ́ gbà á.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé irú àṣá kan tí wọ́n ń pè ní peregrine ń gbé orí àpáta etí òkun, ojú ọ̀nà gan-an tí ẹyẹlé ń gbà bọ̀ wálé. Nítorí náà, ní 1940, ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n pa wọ́n. Wọ́n yìnbọn fún èyí tó dàgbà, wọ́n fọ́ ẹyin, wọ́n pa ọmọ inú ìtẹ́. Nǹkan bí 600 ló lọ sí i. Ogun parí, wọ́n fagi lé òfin náà.

Ó wá ku ẹyẹlé tí kò lọ sógun. Kí wọ́n tó kọ́ Trafalgar Square tán láyé Ọbabìnrin Victoria ni ẹyẹlé ti gba ibẹ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹyẹ tẹ̀ lé wọn dé, àwọn arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ náà ò sì gbẹ́yìn: wọ́n á ra oúnjẹ, wọ́n á tẹ́wọ́, ẹyẹlé á bà lé wọn lórí, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, wọ́n fojú bù ú pé wọ́n tó 35,000. Ìgbẹ́ wọn ń jẹ òkúta àwọn ère. Nígbà tí wọ́n tún òpó Nelson ṣe ní 2006, 420,000 pọ́n-ùn ni wọ́n ná.

Ken Livingstone di Méyọ̀ London ní 2000. Ní oṣù Kejì 2001, títa oúnjẹ ẹyẹ dópin ní gbàgede náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, wọ́n sì mú àṣá wọlé. Àwọn olùfẹ́ ẹyẹlé fárí gá, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá láti ilé, títí òfin fi ka ìyẹn náà léèwọ̀ ní 2003. Ní 2007 wọ́n tún fẹ òfin náà dé àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Ní London, onílé ló yẹrí. (Ẹni tó bá rí ọkọ̀ Nelson inú ìgò tí Yinka Shonibare gbé síbẹ̀ ní 2010, èyí tó fi aṣọ bí àǹkárá ṣe ìgbòkun rẹ̀, gbàgede tí ẹyẹlé ti dín kù ló ti rí i.)

Báwo ni àṣá ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí? Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò ni Harris's hawk, ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Texas títí dé Argentina. Àwọn ẹbí ẹ̀ máa ń jùmọ̀ ṣọdẹ ni, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kó rọrùn láti bá èèyàn ṣiṣẹ́. Olùtọ́jú rẹ̀ á wọ ìbọ̀wọ́ awọ, á so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á sì máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Orí ìwọ̀n yẹn gan-an ni ọgbọ́n wà. Bó bá yó jù, kò ní dáhùn ìpè, orí igi ni yóò jókòó sí. Bí ebi bá sì pa á jù, yóò pa ẹyẹlé jẹ níṣojú àwọn àlejò. Ẹ̀rù ni wọ́n fẹ́ kó dá, kì í ṣe ẹran ni wọ́n ní kó pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mú ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rufus ṣe ń ṣe ní pápá tẹ́níìsì Wimbledon, tó ń fò láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò. Rufus ní káàdì òṣìṣẹ́ tirẹ̀, fọ́tò rẹ̀ wà lórí ẹ̀! Ní 2012 wọ́n jí i gbé nínú ọkọ̀, ariwo ta káàkiri ayé, kó tó di pé wọ́n rí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Àmọ́ ẹyẹlé kì í ṣe òmùgọ̀. Bí àṣá bá lọ, tí oúnjẹ sì wà nílẹ̀, yóò padà wá. Lójú tiwa, òfin oúnjẹ ló lé ẹyẹlé ní Trafalgar Square ju àṣá lọ. Àṣá kàn ń rán wọn létí ni.

Ní ti àwọn peregrine, òfin ti ń dáàbò bò wọ́n báyìí. Wọ́n ti wọ ìlú. Wọ́n ń bà lórí ṣímínì Tate Modern àti lórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹyẹlé sì ni wọ́n ń pa jẹ níbẹ̀.